Song Kang-ho

Song Kang-ho (wọ́n bí i ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1967) jẹ́ òṣèré fíìmù ọmọ Gúúsù Kòríà. Ìlú Gimhae ni wọ́n bí i sí, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Busan. Tí wọ́n bá ń ka àwọn tó gbé fíìmù Kòríà dé ibi tó dé lónìí, orúkọ tiẹ̀ wà lára àwọn tó máa ń ṣáájú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnu iṣẹ́ ló ti kọ́ṣẹ́.

Orí ìtàgé ló ti bẹ̀rẹ̀, nínú ẹgbẹ́ tíátà Kee Kuk-seo. Ọ̀gá yẹn kì í fẹ́ kí òṣèré kàn máa ka ọ̀rọ̀ tó há sórí jáde, ohun tó bá sọ sí i lọ́kàn lójú ẹsẹ̀ ni kó ṣe, ẹ̀kọ́ yẹn ò sì kúrò lára Song, ẹni tó bá fara balẹ̀ wo fíìmù ẹ̀ á rí i. Ọdún 1996 ló kọ́kọ́ ṣe fíìmù, ipa kékeré kan nínú fíìmù àkọ́kọ́ tí Hong Sang-soo darí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló ṣe jàǹdùkú akólòlò nínú No. 3, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sín in jẹ káàkiri.

Ọdún 2000 lọ̀rọ̀ ẹ̀ yí padà. Nínú The Foul King tí Kim Jee-woon darí, òun gan-an ni olú òṣèré, ó ṣe òṣìṣẹ́ báńkì tí ọ̀gá ẹ̀ máa ń fún lọ́rùn níbi iṣẹ́, tó wá lọ ń kọ́ ìjàkadì. Ọdún yẹn náà ni Joint Security Area ti Park Chan-wook jáde, ó ṣe sájẹ́ǹtì ọmọ ogun Àríwá Kòríà tó ń bá àwọn ṣọ́jà Gúúsù ṣọ̀rẹ́ ní bọ́dà. Ibì kan wà tó ki àkàrà òyìnbó oníṣokoléètì bọ ẹnu, ọ̀rẹ́ ẹ̀ láti Gúúsù ní kó kúkú sá wá sọ́dọ̀ àwọn, á máa rí i jẹ yó, ló bá pọ̀ ọ́ sọ́wọ́, ojú ẹ̀ le, ó ní àlá òun ni pé lọ́jọ́ kan orílẹ̀-èdè òun ló máa ṣe èyí tó dùn jù ní gbogbo Kòríà, ó wá dá a padà sẹ́nu. Ẹ̀rín ń pa èèyàn, àyà sì ń já. Òṣèré tó lè ṣe méjèèjì pọ̀ báyìí ò wọ́pọ̀ rárá.

Àárín òun àti dírẹ́kítọ̀ Bong Joon-ho ló so èso jù. Nígbà tí Bong ṣì ń ṣe igbákejì dírẹ́kítọ̀ fún ẹlòmíì, Song wá dánra ẹ̀ wò fún ipa kan, wọn ò gbà á, àmọ́ Bong fi mẹ́sẹ́èjì sílẹ̀ fún un, ó fọ̀wọ̀ ṣàlàyé ìdí ẹ̀. Song ò gbàgbé. Ó ti di gbajúmọ̀ tán, fíìmù àkọ́kọ́ Bong ò sì pawó, síbẹ̀ ó gbà láti ṣe Memories of Murder (2003), ìtàn àwọn ọlọ́pàá tó ń wá ẹni tó ń pa àwọn obìnrin ní Hwaseong láti ọdún 1986. Nígbà tí wọ́n ṣe fíìmù yẹn, wọn ò tíì mọ apààyàn náà, ọdún 2019 ni àyẹ̀wò DNA tó tú u fó. Níbi tí afurasí ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, Song wo ojú ẹ̀ nínú òjò, ó bi í pé ṣé o tiẹ̀ ń rí oúnjẹ jẹ. Kò sí ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwé eré, òun ló mú un wá, òun náà sì làwọn ará Kòríà ń sọ kiri títí dòní.

Lẹ́yìn ìyẹn ni The Host (2006), tí tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 13 ní Kòríà, Snowpiercer (2013), àti Parasite (2019), níbi tó ti ṣe Ki-taek, bàbá tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ tó wá di dírẹ́bà fún olówó kan. Parasite gba Palme d'Or, àwọ́ọ̀dù tó ga jù níbi àjọ̀dún fíìmù Cannes nílẹ̀ Faransé, ó tún gba Oscar 4 ní oṣù kejì ọdún 2020, títí kan ti fíìmù tó dáa jù, fíìmù tí kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì ò gba ìyẹn rí.

Ó tún ṣe lọ́yà nínú The Attorney (2013), tí wọ́n gbé ka ayé Roh Moo-hyun kó tó di ààrẹ. Ìjọba Park Geun-hye, tó jẹ́ ààrẹ Gúúsù Kòríà nígbà yẹn, ní ìwé kan tí wọ́n kọ orúkọ àwọn òṣèré àtàwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọn ò fẹ́ sí, nígbà tí àṣírí ẹ̀ tú, wọ́n rí orúkọ Song níbẹ̀. Ìyẹn ò ní kó má ṣe A Taxi Driver (2017), ìtàn onítakisí tó gbé akọ̀ròyìn ará Jámánì lọ sí Gwangju lọ́dún 1980 nígbà tí ṣọ́jà ń pa aráàlú, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 12 ló lọ wò ó.

Lọ́dún 2022, Broker tí Kore-eda ará Japan darí ló fún un ní àwọ́ọ̀dù òṣèrékùnrin tó dáa jù ní Cannes, òun sì lọkùnrin Kòríà àkọ́kọ́ tó gbà á.

Ti tẹlifíṣọ̀n ò pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọdún 2024 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe sírísì àkọ́kọ́, Uncle Samsik, apá 16, lórí Disney+, òun àti Byun Yo-han.