Ọ̀dà Elépo Kì í Ṣe Àdín Àgbọn

Ó ti lé ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá tí mo ti gbọ́ ọ. Màá mú àlejò dé iwájú àwòrán kan tí òjò dídì bo gbogbo ilẹ̀ inú rẹ̀, kò ní í pẹ́ tí onítọ̀hún á fi mirí pé: "Inú ilé ni wọ́n ti ya èyí. Bó bá jẹ́ ìta ni, ọ̀dà á ti dì." Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń gbé Ottawa ni wọ́n sọ ọ́ gbẹ̀yìn, wọ́n sì sọ ọ́ bí ẹni tó ti gbé ọ̀dà sínú fíríìjì wò rí. Àgbà ni wọ́n, ìyàwó wọn sì wà níbẹ̀, mi ò lè já wọn níkoro lójú ìyàwó. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà." Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja.

Pé àwọn ayàwòrán ń jáde nínú òtútù, ìyẹn ò gba àríyànjiyàn. Ní ìgbà òtútù 1868 sí 1869, Claude Monet ya ẹyẹ magpie kan tó bà sórí géètì onígi nínú òjò dídì, nítòsí Étretat ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1895, ó gba Norway lọ, ó ya òkè àti abúlé ní Sandvika, ìlú kan lẹ́bàá Oslo, ó sì kọ̀wé sílé pé yìnyín ń rọ̀ dirodiro ní irùngbọ̀n òun. Anna Boberg ará Sweden wọ aṣọ onírun ẹranko lọ ya erékùṣù Lofoten ní Norway. A. Y. Jackson ará Kánádà máa ń wọ bàtà ìrìn òjò dídì káàkiri àwọn abúlé Quebec nígbà tí òtútù bá ń lọ sópin. Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó lọ bá irùngbọ̀n Monet sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ "dì" yẹn gan-an ló ń bí mi nínú, mo sì mọ ibi tó ti wá. Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé wa tí kò mọ àárọ̀ ọyẹ́. Àdín àgbọn tó ń ṣàn lánàá á ti funfun, á le gbagidi nínú ìgò bí àbẹ́là. Ìyá ẹni á gbé e sóòrùn, tàbí kí wọ́n rì í sínú omi gbígbóná kí wọ́n tó rí i fi pa ọmọ lára. Epo pupa náà á ki, á wá rí ṣákaṣàka. Ẹni tó bá ti rí ìyẹn, tí wọ́n wá sọ fún un pé epo ni wọ́n fi po ọ̀dà ayàwòrán, kí ni kó rò? Bí ọyẹ́ lásán bá ń sọ àdín di òkúta, wíńtà Kánádà ńkọ́?

Ìrònú náà dára. Orúkọ "epo" yẹn ló tàn wọ́n jẹ. Epo tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà elépo ni epo linseed, tí wọ́n fún láti inú irúgbìn ọ̀gbọ̀, ọ̀gbọ̀ kan náà tí wọ́n fi ń hun aṣọ ọ̀gbọ̀ inú Bíbélì. Àdín àgbọn máa ń dì tí ooru bá ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi digírì 24. Epo linseed ò ní í dì àfi bó bá tó nǹkan bíi digírì 20 sísàlẹ̀ òdo. Ẹ ka ohun tó wà láàárín méjèèjì: ó lé ní 40 digírì. Gbogbo wíńtà London á wọ inú àlàfo yẹn, àyè á tún ṣẹ́ kù.

Kí ló fà á? Ẹ wo igi ìdáná. Igi tó gún ṣánṣán, èèyàn lè tò ó pọ̀ pẹ́kípẹ́kí. Èyí tó wọ́, tó ní ẹ̀ka síhìn-ín sọ́hùn-ún, bó o tò ó títí, kò ní í jókòó. Ẹyọ ọ̀rá inú àdín àgbọn gún, nítorí náà kíá ni wọ́n á tò pọ̀ tí wọ́n á le. Ti linseed wọ́, wọn kì í fẹ́ jókòó. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí sì nìyí: ibi tó wọ́ yẹn gan-an ni afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ti ń dì í mú. Ọ̀dà elépo kì í gbẹ bí aṣọ tí a sá, tí omi ara rẹ̀ ń lọ. Ńṣe ló ń gba ọ́síjìn wọlé, tó ń so mọ́ ara wọn títí tó fi di awọ líle. Kódà ó máa ń wúwo díẹ̀ sí i bó ṣe ń gbẹ. Ẹ fi àdín àgbọn pa kánfáàsì, kẹ́ ẹ gbé e kọ́gi fún ọdún kan. Epo lẹ máa bá níbẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí òtútù ń ṣe fún ọ̀dà elépo ni pé ó ń fà á sẹ́yìn nínú gbígbẹ, ó sì ń mú kó ki. Ní wíńtà tó kọjá, mo dúró létí odò kan nígbà tó jẹ́ digírì 12 sísàlẹ̀ òdo. Ọ̀dà funfun ló kọ́kọ́ ṣe agídí. Mo tẹ túùbù rẹ̀, ó jáde díẹ̀díẹ̀ bí ọṣẹ tó ti ń gbẹ, kò fẹ́ tẹ̀lé búrọ́ọ̀ṣì. Mo kán epo linseed méjì sí i, mo ki túùbù yòókù sábẹ́ abíyá nínú kóòtù, iṣẹ́ tẹ̀ síwájú. Ìka mi ló kọ́kọ́ kọ̀ṣẹ́, ọ̀dà ò kọ̀.

Bó bá jẹ́ ọ̀dà olómi ni ẹ̀gbọ́n ń sọ, mo túúbá. Omi ni omi ń jẹ́. Tó bá ti lọ sísàlẹ̀ òdo, á dì lórí ìwé ní bátànì bí ewé, àwọn kan sì máa ń da jíìnì tàbí vodka sí i kó má baà tètè dì. Acrylic, ọ̀dà oníke tí wọ́n ń fi omi pò, tún burú jù ú lọ: bí kò bá ti tó nǹkan bíi digírì 10, kì í so pọ̀ dáadáa, á kàn máa ya.

Àmọ́ ṣá o, ìdajì ọ̀rọ̀ wọn jóòótọ́. Ọ̀pọ̀ àwòrán báyìí ni wọ́n parí nínú ilé. Bí èèyàn bá ń kun ọ̀dà láàárín òjò dídì tí oòrùn ń ràn sí, ojú á ṣú u, gbogbo àwọ̀ á dà bí ẹni pé ó mọ́lẹ̀ kedere. Kó gbé e délé, á rí i pé ó dúdú bí ògiri ilé ìdáná. Ilẹ̀ sì ń tètè ṣú. Tom Thomson, ayàwòrán ará Kánádà, máa ń yàwòrán sórí pátákó kékeré ní igbó Algonquin, tí kò ju 21 sí 27 sẹ̀ǹtímítà lọ. Nígbà òtútù, á wọnú ahéré kan lẹ́yìn Studio Building, ilé iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ní Toronto, tó ń san dọ́là kan lóṣù fún, á wá sọ pátákó náà di kánfáàsì ńlá. Ibẹ̀ ló ti ya The Jack Pine ní ìgbà òtútù 1916 sí 1917, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan ààbọ̀ ní fífẹ̀. Monet pàápàá parí àwọn àwòrán London rẹ̀ sí Giverny. Nígbà tí wọ́n ń da ọ̀rọ̀ náà rú ní 1905, ó kọ̀wé sí ẹni tó ń bá a tajà pé bóyá iwájú ohun tóun ń yà gan-an lòun ti yà á tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò kan ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní inú ilé ni wọ́n ti parí ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jàre. Nítorí pé ọ̀dà dì? Bóyá ní digírì 30 sísàlẹ̀ òdo, n ò ní í bá a jiyàn. Èmi ò ní í sí níta láti wò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń yàwòrán nínú ilé ní wíńtà, ẹ fetí sílẹ̀. Bí epo linseed ṣe ń gba ọ́síjìn, ooru ló ń tú jáde. Àkísà tó mu epo yìí, tí ẹ ká pọ̀ sínú garawa ìdọ̀tí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná, lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ìṣáná. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ, tàbí kẹ́ ẹ rì í sínú omi nínú agolo onídèérí. Ẹ ṣí fèrèsé nítorí òórùn turpentine tí ẹ fi ń la ọ̀dà, òtútù ò ṣe bàbàrà. Agolo tèmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lóde. Láàárọ̀, mo ní láti fi òòlù fọ́ omi inú rẹ̀ kí n tó rí àkísà jù sí i.