Iye tí fóònù pè kọ́ ni iye tí ilé tó

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, bí àwọn ọmọ olóògbé bá fẹ́ ta ilé bàbá wọn, orí fóònù ni ọ̀rọ̀ ti máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan lára wọn á ti wo íntánẹ́ẹ̀tì, á rí ilé oníyàrá mẹ́rin kan tí wọ́n kọ owó gọbọi sí lára, á ní: "Bọ̀dá mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rẹ́ wa jẹ o, iye tí ilé wa tó nìyí." Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá mú owó tó kéré sí i wá ti di ọ̀dájú lójú wọn. Mo ti rí ilé tó ṣófo títí òrùlé fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò nítorí irú iye bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí.

Ẹ̀rọ tó ń ṣírò iye ilé kì í ṣe irọ́ o. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Zillow, tó ń pàtẹ ilé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ń ṣe é láti 2006, Zestimate ni wọ́n ń pè é. Ohun tó jẹ́ kó rí nǹkan ṣírò ni pé ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀, bí ilé bá ti tà, iye tó tà gan-an á wọ ìwé ìjọba, ẹnikẹ́ni sì lè wò ó. Síbẹ̀, Zillow fúnra rẹ̀ sọ pé èyí kì í ṣe ìdíyelé amọṣẹ́. Ohun tí wọ́n gbé jáde ni pé fún ilé tó wà lójú ọjà, bí a bá kó gbogbo ilé tí ẹ̀rọ pe iye wọn jọ, fún ìdajì wọn, iye tó pè kì í fi ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 yàtọ̀ sí iye tí ilé tà; fún ilé tí kò sí lójú ọjà, ó tó nǹkan bí ìdá 7. Ìdá 2 yẹn dùn létí, àmọ́ ẹ fara balẹ̀: bí ilé bá ti wà lójú ọjà, iye tí onílé ń pè ti wà níwájú ẹ̀rọ, ó sì ń lò ó nínú ìṣírò rẹ̀. Ibi tí kò ti rí iye onílé wò la ti ń mọ agbára rẹ̀. Lórí ilé 400,000 dọ́là, ìdá 7 jẹ́ 28,000 dọ́là, ti ìdajì àwọn ilé tó kù sì tún yẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 2016, Spencer Rascoff, ọ̀gá àgbà Zillow nígbà náà, ta ilé rẹ̀ ní Seattle ní 1,050,000 dọ́là. Nǹkan bí 1,750,000 ni ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ní ìparí 2021, Zillow kéde pé òun máa ti ẹ̀ka òun tó ń fi ìṣírò ra ilé pa, nítorí àdánù rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Níbi tí àkọsílẹ̀ wà nìyẹn o. Níhìn-ín ńkọ́? Nínú pálọ̀ la ti ń dúnàá dúrà, lọ́yà á kọ àdéhùn, iye náà á sì wà nínú fáìlì. Iye tí ẹni tó ń tà ń pè nìkan ló ń dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ìgbà tí ẹlẹ́ran bá pe ẹran rẹ̀ lówó tí kò tíì sẹ́ni tó ná an. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ọ̀hún, Ìbàdàn tàbí Èkó ni wọ́n wà. Púlọ́ọ̀tì kan l'Ékòó sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní gígùn. Tiwa níbí, 50 ní ìbú, 100 ní gígùn. Ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀: 7,200 lọ̀kan, 5,000 lèkejì. Orúkọ kan náà là ń pè wọ́n.

Adíyelé tó mọṣẹ́ kì í jókòó sílé pe iye. Á mú téèpù wá, á wọn ilé àti ilẹ̀. Á fi ìka gbá ògiri, nítorí ilé amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ tí wọ́n sì kùn ní ọ̀dà pọ̀ nígboro wa. Nínú fọ́tò, kò yàtọ̀ sí ilé búlọ́ọ̀kù, àmọ́ ìró rẹ̀ kò jọra. Á gbójú sókè wo sílìn bóyá omi ti ya àwòrán síbẹ̀. Á wo igun fèrèsé bóyá ògiri ti ń sán. Á bèèrè bóyá kànga máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Lẹ́yìn náà ló máa bèèrè ìwé, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń já owó sílẹ̀. Òfin ilẹ̀ 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, nítorí náà ilé tó ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọwọ́ gómìnà, àti ilé tí rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ nìkan wà fún kì í tà ní iye kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ fara ti ara wọn. Bí ojú oórì bàbá bá sì wà níwájú ilé, oníbàárà mélòó ló máa dúró? Fóònù kò mọ ìyẹn.

Ní àdúgbò Under G, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì LAUTECH, owó tí yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ń mú wọlé lọ́dún ni adíyelé á kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ẹwà ilé. Á tún ro ti ìgbà tí yàrá lè ṣófo. Àwọn onílé ibẹ̀ kò tíì gbàgbé bí yunifásítì náà ṣe wà ní títì pa fún ọ̀pọ̀ oṣù ní 2016 àti 2017.

Adíyelé náà kì í ṣe Ọlọ́run. Ẹni méjì lè díyelé ilé kan kí iye wọn má dọ́gba, ìdí tí ẹ fi pè é sì ṣe pàtàkì: iye tí ilé tó bí a bá fẹ́ tà á kíákíá yàtọ̀ sí èyí tó tó bí a bá ní sùúrù. Ẹ bi í bóyá ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ESVARBON, ìgbìmọ̀ tí òfin 1975 dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ajẹ́ǹtì lè mọ àdúgbò dáadáa, ṣùgbọ́n owó tirẹ̀ wà nínú títà ilé náà. Kí gbogbo ọmọ olóògbé para pọ̀ san owó adíyelé kan ṣoṣo, kí kálukú gba ẹ̀dà ìwé rẹ̀, kí wọ́n tó pe ajẹ́ǹtì kankan.