Kí ló dé tí wọ́n fi ń dá kóòdù tí a gbá mọ́ padà?

Gbígbá kóòdù mọ́ ni títún un tò kó lè rọrùn kà, láìyí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn tó ń ṣe Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, fi ń gba iṣẹ́ tuntun fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti parí, àtúnṣe àléébù ló kù tí wọ́n ń gbà títí ẹ̀dà náà yóò fi jáde. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ open source mìíràn (tí ẹnikẹ́ni lè ka kóòdù rẹ̀, kó sì tún un ṣe) ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, èyí sì ń ya àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ kóòdù ní Wuse àti Gwarinpa lẹ́nu.

Ṣé gbígbá kóòdù mọ́ burú ni?
Rárá. Inú kóòdù jágbajàgba ni àléébù ń sá pamọ́ sí.

Kí ló dé tí wọn ò fi ń gbà á nígbà gbogbo?
Ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò kò tó. Alábòójútó tí kò gba kọ́bọ̀, tó ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, lè má ní ju wákàtí kan lọ. Ìlà 800 tí ẹ tún tò yóò jẹ ẹ́ tán.

Ṣé ìmọ́tótó lè ba nǹkan jẹ́?
Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2006, alábòójútó kan ní Debian, irú Linux kan, yọ ìlà méjì nínú OpenSSL, kóòdù tó ń dáàbò bo ìsọfúnni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé Valgrind, irinṣẹ́ tó ń wá àléébù, ń kìlọ̀ nípa wọn. Kì í ṣe aláìbìkítà: ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú OpenSSL. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ìlà yẹn ló ń mú kí kọ́kọ́rọ́ ààbò ṣòro láti méfò. Ohun tó kù tó ń yàtọ̀ ni nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń fún ètò tó ń ṣiṣẹ́, tí kò ju 32,768 lọ. Olè lè dán gbogbo rẹ̀ wò. Oṣù Karùn-ún 2008 ni àṣírí tú, kọ́kọ́rọ́ SSH (tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà tó jìnnà) tí wọ́n ṣe lórí Debian àti Ubuntu, tí wọ́n kọ́ lórí Debian, láàárín ìgbà náà sì di ohun à-ń-jù-nù.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?
Àléébù ni. Bí ibẹ̀ bá díjú jù, ẹ kọ ìdánwò tó fi àléébù náà hàn, ẹ tún kóòdù tò láìyí iṣẹ́ rẹ̀ padà, kí ẹ tó wá tún àléébù ṣe. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní commit (àkọsílẹ̀ àyípadà) tirẹ̀. Bí ẹ bá pò wọ́n pọ̀, git bisect, àṣẹ tó ń wá àyípadà tó mú àléébù wá, yóò kàn tọ́ka sí òkìtì ìlà 800, wọn ò sì ní lè gbé àtúnṣe nìkan lọ sí ẹ̀dà àtijọ́. Àtúnṣe tó bá ju ìlà 100 lọ, Linux kì í gbà á sínú ẹ̀dà tó ti jáde.

Dátà wọ́n ní Abuja. Ṣé mo lè fi --depth 1 (ẹ̀dà tuntun nìkan, láìsí ìtàn) gba kóòdù?
Fún ìmọ́tótó, bẹ́ẹ̀ ni. Fún wíwá àléébù, rárá, nítorí bisect nílò ìtàn kóòdù. Ẹ lo --filter=blob:none: ìtàn á wọlé, fáìlì àtijọ́ á dúró dìgbà tí ẹ bá nílò rẹ̀.

Bí iṣẹ́ kan kì í bá gba ìmọ́tótó rárá ńkọ́?
Ẹ bẹ̀rù rẹ̀. Nígbà tí Heartbleed, àléébù ààbò ńlá kan nínú OpenSSL, tú síta ní oṣù Kẹrin 2014, àwọn ará OpenBSD (ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà) mú kóòdù OpenSSL, wọ́n sọ ọ́ di LibreSSL, wọ́n sì yọ ìlà tó lé ní 90,000 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.