Irin ni Ẹ̀wọ̀n, Kì í Ṣe Ilé

Àwọn onígbàgbọ́ tó ń jiyàn pé ká wó gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n palẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti Amẹ́ríkà. Ní tèmi, Èkìtì ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà. Irin róbótó róbótó tí a so kọ́ra ni ẹ̀wọ̀n, irú èyí tí a fi ń so ajá. Ilé tí wọ́n ń ti arúfin mọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ló fi jogún orúkọ irin. Láyé àwọn baba wa, ẹni tó bá jíṣu á san ìtanràn, ẹbí rẹ̀ á sì wá dọ̀bálẹ̀ fún olóko. Onígbèsè á fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Bí ọ̀ràn bá jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á lé e nílùú, wọ́n lè tà á, wọ́n sì lè pa á. N ò sọ pé ayé ọ̀hún dẹ̀ o! Ṣùgbọ́n ta ni yóò ti géńdé mọ́lé lọ́dún mẹ́wàá, kó máa bọ́ ọ, nígbà tí oko ń bẹ tí kò rẹ́ni ro? Àwọn kan ní wọ́n máa ń de arúfin mọ́ ilé Ògbóni. Ẹni yẹn ń dúró de ìdájọ́ ni.

Ogun Kírìjì bẹ́ ní 1877. Nígbà tó parí ni àwọn tí ogun ti kó lẹ́rú bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, ìgbàgbọ́ tí wọ́n gbà lájò sì bá wọn wọlé. Ọ̀kan nínú wọn ni Babamúbọ̀ni, tí Adó-Èkìtì kò lè gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò: nígbà tí irú wọn gbọ́ Lúùkù 4:18, pé Jésù wá kéde ìdásílẹ̀ fún ìgbèkùn, ṣé wọ́n á kà á sí àfiwé bíi tiwa? Ẹni tí irin ti bó lọ́rùn ọwọ́ rí!

Àwọn Quaker, ìjọ Kristẹni kan, ń kọ́? Ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ní 1790, àwọn ni wọ́n wà lára àwọn tó ní kí a ti ọ̀daràn mọ́ yàrá òun nìkan, kó lè ronú pìwà dà. Àánú ni wọ́n pè é. Ọ̀pọ̀ ló ya wèrè níbẹ̀ nígbà tó yá. Àwọn ọmọ ìjọ wọn kan náà ló wá ń ké ní 1976 pé kí a pa ọgbà ẹ̀wọ̀n rẹ́. Ní Elmira ní Kánádà, ní 1974, ọmọ ìjọ Mennonite kan, tí í ṣe ìjọ Kristẹni mìíràn, mú ọ̀dọ́kùnrin méjì tó ba nǹkan onínǹkan jẹ́ lọ sí ojúlé àwọn tí wọ́n ṣẹ̀, kí wọ́n lọ bẹ̀bẹ̀, kí wọ́n sì sanwó. Ayé pè é ní ọ̀nà tuntun. Ẹ bi olóko tí wọ́n jí níṣu.

Àwọn alátakò á na Róòmù 13 síni, pé aláṣẹ kò gbé idà lásán. Idà ni Pọ́ọ̀lù kọ, kò kọ kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ti òun alára mọ́ túbú ní ìlú Fílípì.

Ìyókù kò gùn. Òyìnbó kọ́ ọgbà, ìjọba wa jogún rẹ̀. Ní 2014 àwọn agbébọn já ti Adó, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹlẹ́wọ̀n sì sá lọ. Ní 2019 òfin yí orúkọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà sí ti àtúnṣe ìwà, ó sì fàyè gba kí adájọ́ ní kí arúfin ṣiṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n. Ní Kérésì, àwọn ìyá ìjọ ṣì ń kó ọṣẹ àti gàrí lọ sẹ́nu géètì.