Ooru Kọ́ Ló Mú Ìrẹsì Kan

Aago mẹ́rin ìdájí ni àwọn alásè sọ ìkòkò ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kalẹ̀ lẹ́yìn ilé wa ní Mushin. Ìkòròdú ni gbọ̀ngàn ìnáwó wà, aago kan ọ̀sán sì ni ìwé ìpè wí. Àbúrò mi kan sáré gbé kúlà wá, ó ní kí wọ́n máa bù ú sí i kí wọ́n sì dé e pa kí ó má bàa tutù. Ni ìyá alásè bá figbe ta: "Ẹ fún un láyè kó mí! Ṣé ẹ fẹ́ kó kan ni?"

Wọ́n tẹ́ ìrẹsì sínú abọ́ ńláńlá, wọ́n ń fẹ́ ẹ. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́fà, ó ti di lọ́wọ́ọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó dà á sí kúlà tí wọ́n sì dé e. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán la ṣí kúlà kejì, ìrẹsì ti ń fà, òórùn rẹ̀ sì ti yí padà. Gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ fẹnu kò: "Ooru ló mú un. Wọn ò jẹ́ kó tutù dáadáa kí wọ́n tó dé e." Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ nìyẹn: pé nígbà mìíràn, kí wọ́n túbọ̀ fẹ́ ẹ.

Òdìkejì rẹ̀ gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́.

Kòkòrò àìfojúrí ló ń mú oúnjẹ kan, àwọn náà sì ní ìwọ̀n ooru tó bá wọn lára mu. Bí oúnjẹ bá tutù bíi ti inú fíríìjì, tí kò ju 5°C lọ, ọwọ́ wọn á rọ. Bó bá gbóná kọjá 60°C, wọn ò ní lè pọ̀ sí i. Àárín méjèèjì ni pápá wọn, ibi tó sì dùn mọ́ wọn jù níbẹ̀ ni ibi tí àwa ń pè ní lọ́wọ́ọ́wọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní Clostridium perfringens, tó fẹ́ràn ẹran àti ọbẹ̀ inú ìkòkò ńlá, lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 bí ooru bá wà ní 43 sí 45°C. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹyọ kan ní aago mẹ́fà, ó di 64 ní aago méje, ó ti lé ní 4,000 ní aago mẹ́jọ. Ẹni kan ò tíì wé gèlè nígbà yẹn o.

Ẹ lè bi mí pé ṣé iná tí a fi sè é kò pa wọ́n ni. Ó pa èyí tó jí. Ṣùgbọ́n Clostridium yìí, àti èkejì rẹ̀ tó ń jẹ́ Bacillus cereus, tó sábà máa ń wà lára ìrẹsì láti oko wá, ní ọgbọ́n kan. Wọ́n máa ń ká ara wọn mọ́ inú èèpo líle bí irúgbìn, omi híhó kì í sì í pa irúgbìn ọ̀hún. Yóò sùn sínú ìkòkò títí ooru yóò fi lọ sílẹ̀, yóò wá hù. Ìrẹsì tí a tẹ́ síta títí tó fi di lọ́wọ́ọ́wọ́, tí a wá dé mọ́ inú kúlà, oko la ti ro sílẹ̀ dè wọ́n yẹn.

Kúlà kò sì níná nínú. Ohun tí a bá fún un ló ń tọ́jú. Gbé yìnyín fún un, yìnyín ni yóò tọ́jú. Gbé ìrẹsì tó ń yọ èéfín fún un, gbígbóná ni wàá bá a. Bí o bá gbé lọ́wọ́ọ́wọ́ fún un, yóò fi òótọ́ inú tọ́jú lọ́wọ́ọ́wọ́ náà títí di ọ̀sán. Ẹni tó bá ń wá ohun tí yóò fi sìn kòkòrò wọ̀nyí kí wọ́n máa bí sí i, kò ní rí àpótí tó dára jù ú lọ.

Mi ò sọ pé àwọn ìyá wa kàn dédé hùmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí nǹkan. Ìrẹsì gbígbóná tí a bá dé pa máa ń làágùn: èéfín rẹ̀ á lu ìdérí, á di omi, á sì máa kán padà sórí rẹ̀ títí òkè rẹ̀ á fi rọ̀ jù. Ìyẹn kò dùn ún jẹ, àmọ́ rírọ̀ yàtọ̀ sí kíkan. Ohun kejì ni ọbẹ̀ alẹ́. Ìyá á gbé e kaná kó tó sùn, á jẹ́ kó hó, á ṣí ìdérí rẹ̀ díẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ti ṣíbí bọ̀ ọ́. Ìṣe tó mọ́gbọ́n dání ni, nítorí ìkòkò ilé kéré, ó sì ń yára tutù. Ìkòkò èèyàn igba kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òkè rẹ̀ lè ti tutù kí àárín rẹ̀ ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Òfin ìkòkò kékeré la gbé lọ bá ìkòkò òde, ìyẹn ló bá wa.

Nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé la ti ń ṣe ìnáwó, wàhálà yìí kò pọ̀, nítorí orí ààrò ni wọ́n ti ń bu oúnjẹ. Gbọ̀ngàn àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ló kó wa sínú rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oúnjẹ tí a ti sè wà lókè 60°C títí a ó fi jẹ ẹ́, bí kò bá sì gbóná tó bẹ́ẹ̀, kó má wà nílẹ̀ ju wákàtí 2 lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 63°C ni òfin wí, ó sì de àwọn alásè wa tó ń gbé kúlà lọ sí gbọ̀ngàn ní Peckham náà. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ní kí wákàtí 2 yẹn di wákàtí 1 bí ojú ọjọ́ bá kọjá 32°C, bẹ́ẹ̀ ooru ọ̀sán Èkó nínú oṣù kẹta sábà máa ń kọjá ibẹ̀. Ẹni tí kò ní tẹmọmítà lè fi òwe wa wò ó: ọbẹ̀ tó gbóná, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń lá a. Oúnjẹ òde tí o lè kì bọ ẹnu láìfẹ́ ẹ, ó ti ń lọ sílẹ̀.

"A ó gbé e kaná tá a bá débẹ̀." Èyí náà pọ̀ lẹ́nu wa. Ó ń pa Clostridium bó bá hó dénú, nítorí inú ìfun wa ni ìyẹn ti ń tú oró rẹ̀ jáde lẹ́yìn tí a bá ti gbé e mì láàyè. Ṣùgbọ́n inú ìrẹsì gan-an ni Bacillus cereus ti ń ṣe oró tó ń mú èèyàn bì, iná ìdáná kò sì lè ba oró yẹn jẹ́. Ìrẹsì ọ̀hún lè má fà, ó lè má rùn, kí oró sì ti wọ̀ ọ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ májèlé ti máa ń wọlé. Ẹni tó jẹ ìrẹsì tó ń bì láàárín wákàtí mélòó kan, tàbí tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run tó sì ń yàgbẹ́ gbuuru láàárín wákàtí 6 sí 24, á ní àwọn ọ̀tá ló fi nǹkan sí oúnjẹ. Mi ò lè búra fún ayé, ṣùgbọ́n kí ẹ tó pe orúkọ ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín, ẹ kọ́kọ́ bèèrè aago tí wọ́n sọ ìkòkò kalẹ̀.

Ohun tí a wá ń ṣe nílé wa báyìí kò le. Bí àyè bá wà, ẹ̀yìn gbọ̀ngàn la ti ń dáná, kò sóhun tó dà bí ẹyín iná lábẹ́ ìkòkò. Bí kò bá sí, a ń fi omi híhó sínú kúlà fún bíi ìṣẹ́jú 15, a dà á nù, a sì bu oúnjẹ sí i látorí iná tààrà, kó kún dé ẹnu. Kúlà kéékèèké mẹ́rin sàn ju ràgàjì kan tí wọ́n ń ṣí ní gbogbo ìgbà lọ, nítorí èyí tí a kò tíì ṣí kò tíì pàdánù ooru. A kì í da tuntun lé àjẹkù. Àwo oníná kékeré tí wọ́n ń tò sórí tábìlì, èyí tí wọ́n ń pè ní chafing dish, oúnjẹ gbígbóná ni wọ́n ń gbé sí i. Kò lágbára láti gbé ohun tó ti tutù kaná.

Ìyá alásè wa ò gba ọ̀rọ̀ kòkòrò gbọ́ títí dòní. Aṣọ ìnura mímọ́ tó gbẹ, tí a tẹ́ sí abẹ́ ìdérí kúlà kó máa fa èéfín mu, ló ṣẹ́gun rẹ̀. Ó ṣí kúlà ní aago méjì, ó rí i pé òkè ìrẹsì kò rọ̀, ooru rẹ̀ sì lù ú lójú. Ó ní kí n fún òun ní aṣọ méjì sí i.