Kí ló máa ń fa ìjà láàárín àwọn ará Kòríà àti àwọn ọmọ Kòríà tó dàgbà sí Amẹ́ríkà nínú K-pop, orin ìgbàlódé Kòríà?

Ìbéèrè: Ṣebí ọmọ Kòríà kan náà ni gbogbo wọn, kí ló wá dé?

Ìdáhùn: Gyopo ni wọ́n ń pe ọmọ Kòríà tó ń gbé lókè òkun. Tí òyìnbó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ ní Seoul, olú ìlú wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ó mà gbìyànjú o, ṣùgbọ́n tí gyopo bá ṣe irú ẹ̀, wọ́n á ní wọn ò kọ́ ọ nílé. Èdè wọn náà ní "o" àti "ẹ" bíi tiwa, kódà tiwọn tún le jù bẹ́ẹ̀, ẹni tó fi ọdún kan péré jù ẹ́ lọ, ẹ̀gbọ́n ẹ ni, ìparí ọ̀rọ̀ tí wàá sọ fún un gan-an máa yí padà. Ọmọ tó ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré ní California, ibẹ̀ ló ti máa kọ́kọ́ kọsẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ ní orúkọ ìnagijẹ kan fún wọn, "àlejò onírun dúdú": irun wọn jọ ti ará Kòríà, àmọ́ àlejò ni wọ́n kà wọ́n sí.

Ìbéèrè: Kí ló dé táwọn ilé iṣẹ́ orin ṣì ń kó wọn wá?

Ìdáhùn: Wọ́n nílò wọn ni jàre. Hip-hop tó gbilẹ̀ níbẹ̀ láti àwọn ọdún 1990, ọwọ́ gyopo wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹ wo àwọn olórin bíi Tiger JK, Los Angeles ló dàgbà sí, Yoon Mi-rae, Texas ni wọ́n bí i sí.

Ìbéèrè: Ta ni Yoo Seung-jun tí wọ́n ń bínú sí?

Ìdáhùn: Seoul ni wọ́n bí òun sí, ó tẹ̀ lé àwọn òbí ẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, ó padà wá di ìràwọ̀ olórin ní 1997. Gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣe sọ́jà, nígbà yẹn ó lé ní ọdún méjì, òun náà sì ń sọ káàkiri pé òun máa lọ. Àfi bó ṣe di 2002, kí wọ́n tó gbà á wọ bárékè, ló bá lọ gba ìwé ọmọ Amẹ́ríkà, èyí tó yọ ọ́ nínú iṣẹ́ sọ́jà! Ìyá tí ọmọ tiẹ̀ ń sùn ní bárékè, báwo lẹ ṣe fẹ́ kó gbọ́ ọ? Ní February ọdún yẹn, pápákọ̀ òfuurufú Incheon ni wọ́n ti dá a padà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ti dá a láre lórí ọ̀rọ̀ físà, síbẹ̀ wọn ò fún un.

Ìbéèrè: Jay Park ńkọ́?

Ìdáhùn: Tiẹ̀ ló ṣe mí láàánú jù. Ọmọ agbègbè Seattle ní Amẹ́ríkà, òun ni olórí 2PM, gírúùpù olórin tó jáde ní 2008. Ní September 2009, àwọn kan lọ hú ohun tó kọ sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ lórí MySpace, ìkànnì ayélujára kan, ní 2005 jáde, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Seoul, tí àárò ilé ń sọ ọ́, tó ní òun kórìíra àwọn ará Kòríà. Bí ọmọdé Amẹ́ríkà ṣe ń ráhùn sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ nìyẹn sha, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n túmọ̀ ẹ̀, tó wọ inú ìròyìn, ó ti di èébú fún odindi orílẹ̀-èdè. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó tọrọ àforíjì, ó fi gírúùpù sílẹ̀, ó wọ bàálù padà sílé. Ó padà wá ní 2010, ó sì dá AOMG, ilé iṣẹ́ orin tiẹ̀, sílẹ̀ ní 2013.

Ìbéèrè: Ta ló jẹ̀bi lójú tìẹ?

Ìdáhùn: Yoo ṣèlérí, kò mú un ṣẹ, ó jẹ̀bi, àmọ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ogún ọdún ó lé ti pọ̀ jù. Jay Park ní tiẹ̀, lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ ló kọ.