Ẹni tí ìṣòro mẹ́ta (àìsàn, oògùn olóró àti àìnílé) rọ̀ mọ́ lọ́rùn: báwo ni wọ́n ṣe ń ka ikú rẹ̀?

Ìbéèrè: Mo kà á pé lọ́dún 2018, tí wọ́n bá pín ọjọ́ orí àwọn ọkùnrin aláìnílé tó kú ní England àti Wales dọ́gba, 45 ọdún ló ń bọ́ sí, nígbà tí ti àwọn ọkùnrin yòókù jẹ́ 76. Ṣé aláìnílé kò lè rí 50 ọdún ni?

Rárá o. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í kà. Ká ní àgọ́ àwọn àgùnbánirọ̀ la ti ń ka òkú (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i), ọ̀dọ́ ni gbogbo ẹni tí a máa kà, torí kò sí arúgbó níbẹ̀. Ìyẹn ò ní kí àgùnbánirọ̀ má dàgbà. Bákan náà ni tojú títì: arúgbó kò pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá sì rí ilé gbé, tó wá kú ní 70, wọn ò ní kà á mọ́ aláìnílé. 45 yẹn jẹ́ òótọ́, ó sì dun èèyàn, àmọ́ kì í ṣe iye ọdún tí aláìnílé máa lò láyé. Ohun tó yẹ ká bi ni pé: nínú ẹgbẹ̀rún aláìnílé tó jẹ́ ọmọ 40 ọdún, mélòó ló kú lọ́dún kan? Nínú ẹgbẹ̀rún ojúgbà wọn tó nílé ńkọ́?

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n rí nígbà tí wọ́n bi í bẹ́ẹ̀?

Lọ́dún 2018, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet tẹ àkójọ ìwádìí kan jáde láti àwọn orílẹ̀-èdè olówó, lórí aláìnílé, ẹlẹ́wọ̀n, àwọn tó ń ṣe òwò nàbì àti àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún. Ikú àwọn ọkùnrin wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 8 ti ọkùnrin yòókù, ti obìnrin wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 12. Ẹ wá fi adúgbò tó tálákà jù ní England àti Wales wé èyí tó rí jájẹ jù: kò tó ìlọ́po 3. Ìṣẹ́ lásán, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, èèyàn ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tàwọn wọ̀nyí, ọ̀gbun ni.

Ìbéèrè: Ṣé obìnrin wọn ló wá ń kú ju ọkùnrin lọ?

Ìlọ́po nìkan ò lè sọ ìyẹn. Tí ikú 1 nínú ẹgbẹ̀rún bá di 12, ìlọ́po 12 ni, òkú 11 ló lé. Tí 2 bá di 16, ìlọ́po 8 péré ni, òkú 14 ló sì lé. Àpèjúwe lásán ni mo fi ṣe, àmọ́ ẹ máa béèrè méjèèjì.

Ìbéèrè: Kí ló mú kíkà wọn ṣòro tó bẹ́ẹ̀?

Ẹnì kan ni, ìwé mẹ́ta ni. Ilé ìwòsàn kọ egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ibi ìtọ́jú oògùn olóró kọ heroin, ọ́fíìsì ilé gbígbé kọ pé kò nílé. Lórí fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn, àdírẹ́sì ìyá rẹ̀ ló kọ, torí wọn ò gba fọ́ọ̀mù tí kò ní àdírẹ́sì. Bó ṣe di ẹni tó nílé nínú ìwé nìyẹn.

Scotland so àwọn ìwé náà pọ̀. Àbájáde tí ìjọba wọn gbé jáde lọ́dún 2018 tẹ̀ lé 435,853 èèyàn tí ọ̀rọ̀ àìnílé kàn láàárín 2001 sí 2016. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, akọ pẹ̀lú akọ, abo pẹ̀lú abo, láti adúgbò tó tálákà jù àti èyí tó lówó jù. Ohun tí mi ò lè gbàgbé níbẹ̀ ni pé lílọ wọn sí ilé ìwòsàn ti ń pọ̀ sí i kí ọjọ́ tí wọ́n lọ tọrọ ilé tó dé. Dókítà ti ń rí wọn tipẹ́.